Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n rà fún màmá mi nílé oúnjẹ Kòríà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi dé láti Ìbàdàn, mo sì fẹ́ mú wọn lọ jẹun ní New Malden, níbi tí àwọn ará Kòríà pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ibi olówó ńlá. Irú ilé oúnjẹ kékeré tí wọ́n ti ń gbé ìkòkò wá sórí tábìlì tí ọbẹ̀ ṣì ń hó nínú rẹ̀ ni.

Mùsùlùmí ni màmá. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í jẹ ẹran tí kì í ṣe hàlálì. Ata ò bà wọ́n lẹ́rù rárá. Ọkàn mi lọ sí sundubu jjigae, ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi wàrà sóyà rírọ̀ sè, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i, omi ẹran sì lè wà nínú èyí tí ẹ ò rí ẹran kankan nínú rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó lè yé wọn dáadáa? Bibimbap, ìrẹsì tí wọ́n to ẹ̀fọ́ àti ẹyin lé lórí, ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbà láti dín ẹyin orí rẹ̀ kó jinná? Màmá ò ní fẹnu kan ẹyin tó ń ṣàn.

Àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n ń bu kimchi (kábéèjì oníata tí wọ́n mú kan) àti ẹ̀fọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ ní Kòríà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí, àbí wọ́n ń gbowó lé e?

Lọ́dọ̀ àwọn ará Kòríà, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ṣíbí. Ìyẹn á dùn mọ́ màmá gan-an. Sátidé la fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti mú òbí rẹ̀ débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rà fún wọn?