Pulọ́ọ̀gì kan kọ̀ kò jáde lára píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀

Olùbéèrè, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá mi, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń tún ṣe, nítorí òun ni mo fẹ́ máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sí ibi tí àwọn ìyá wa ti ń yan gàrí. Lẹ́yìn tí bàbá papò dà, abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà fún ọdún méjì gbáko, òjò sì ń wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ti jẹ ihò ní ọwọ́ ẹ̀yìn.

Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìkẹrin, èyí tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ awakọ̀ jù lọ, kò mira rárá. Ọmọṣẹ́ tó ń bá mi ṣe é fi páìpù omi gùn sí ìdí sípánà kí agbára lè pọ̀, ó fà á, a gbọ́ tí nǹkan ró pà: tánganran funfun orí pulọ́ọ̀gì náà ti kán. Irin onígun mẹ́fà tí sípánà ń dì mú ṣì wà ní pípé. Mẹkáníìkì kan ní kí a pe wẹ́dà kó wá fi iná gáàsì yọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní àfi kí a tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì tí pulọ́ọ̀gì wà lára rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Mẹkáníìkì, Ìlọrin

Ẹ kú ewu. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà sún mọ́ ọn. Irú irin tí wọ́n fi ń da ìkòkò, álúmíníọ̀mù, ni tọ́ọ̀pù sílíńdà 504, iná gáàsì yóò sì ti yọ́ ọ kí ìdí pulọ́ọ̀gì tó gbóná dáadáa. Omi òjò tó dúró sínú kòtò pulọ́ọ̀gì ló fa ìyọnu yìí: tí irin àti álúmíníọ̀mù bá fara kanra tí omi sì wà láàárín wọn, álúmíníọ̀mù a máa jẹ, a sì máa yọ ìyẹ̀fun funfun tó ń há sínú tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyípo tí pulọ́ọ̀gì fi ń dì mọ́ ihò rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ bá fọ́gánáísà, kí ó fi afẹ́fẹ́ fọn inú kòtò náà títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì bo ojú yín, nítorí àwọn èérún tánganran yẹn mú bí abẹ. Iyanrìn tàbí èérún tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, orí písítìnì ni yóò bọ́ sí ní ọjọ́ tí pulọ́ọ̀gì bá jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ òróró tó ń tú irin tó há, irú WD-40, sí ìdí rẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ tún rọ ọ́ ní àárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ kọ́kọ́ dì í mọ́ra díẹ̀, bí ẹni pé ẹ fẹ́ kó le sí i, kí ẹ tó wá tú u. Bó bá mira tó ìwọ̀n èékánná, ẹ dá a padà, ẹ fi òróró kún un, ẹ tún tú u. Bó bá ń han, ẹ má fi agbára lé e. Ẹ dá a padà. Ẹ sọ páìpù yẹn nù pátápátá.

Tí kò bá gbọ́, ẹ dá àwọn mẹ́ta yòókù padà, ẹ fi okùn pulọ́ọ̀gì tó kán mọ́ ara irin, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá gbìyànjú nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ rí i pé òróró ti gbẹ kúrò nínú kòtò kí ẹ tó táná sí i.

Onímọ́tò, Ọ̀ffà

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ títú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni wọ́n ti tú pulọ́ọ̀gì tèmi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tó jáde, tírẹ́ẹ̀dì álúmíníọ̀mù wé mọ́ ọn bí owú. Ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni mo gbé tọ́ọ̀pù náà lọ kó tó ṣeé lò mọ́. Tútù ni kí ẹ máa tú u.

Mẹkáníìkì, Ìlọrin

Òótọ́ lẹ sọ nípa pulọ́ọ̀gì tí kò há, tútù ló yẹ kí ó jẹ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n álúmíníọ̀mù a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin tí ooru bá mú wọn, ìdí nìyí tí ihò náà fi ń tú díẹ̀ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró lórí tọ́ọ̀pù láìjó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni yóò ṣẹlẹ̀.

Àgbà mẹkáníìkì, Òmù-Àrán

Àbúrò mi, mo wà ní Kàdúná nígbà tí wọ́n ń to 504 pọ̀ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Nítorí náà, jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ọ nípa títú tọ́ọ̀pù, bó bá di dandan. Sílíìfù ẹ́ńjìnnì yẹn, ìyẹn àwọn páìpù tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú wọn, kò lẹ̀ mọ́ bulọ́ọ̀kù. Ńṣe ni wọ́n dá dúró tí omi sì yí wọn ká, gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló sì dí ìdí wọn. Tí tọ́ọ̀pù bá há, tí ẹ wá fà á sókè ṣánṣán, yóò gbé sílíìfù dání, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, tí ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi to gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ fi ọ̀pá irin méjì sínú ihò bóòtì, kí ẹ mì tọ́ọ̀pù náà sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi tú kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́ọ̀pù kò sí lórí rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fi bóòtì àti wáṣà tẹ àwọn sílíìfù náà mọ́lẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì tó há yẹn, nọ́ńbà kìíní ló jẹ́ ní ìṣirò Peugeot, nítorí láti ọ̀dọ̀ gíà ni wọ́n ti ń kà á. Máa rántí èyí tí o bá ń to okùn padà bí pulọ́ọ̀gì ṣe ń táná tẹ̀léra wọn, 1-3-4-2, kí o má baà fi ti iwájú ṣe kìíní.

Olùbéèrè, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi rọ òróró sí i. Tútù rẹ̀ kò gbọ́, nítorí náà mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tọ́ọ̀pù gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí, mo dì í mọ́ra, mo tú u, ó sì fò díẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ kó tó jáde. Ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun kún àárín tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti òkè dé ìdajì. Ìsàlẹ̀ dúdú fún èédú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, tírẹ́ẹ̀dì méjì àkọ́kọ́ ti jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣé mo lè fi pulọ́ọ̀gì tuntun sí i bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì, Ìlọrin

Ẹ kú oríire. Ẹ má tíì fi sí i. Ẹ wá irin tí tọ́nà fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì, èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 14, tí àlàfo láàárín tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1.25, ẹ kun ojú rẹ̀ ní gíríìsì dáadáa kí èérún lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó lè bọ́ sí ojú tírẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Ẹ tún fọn ihò náà. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi wé pulọ́ọ̀gì tuntun náà títí wáṣà rẹ̀ yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà yí i ní ìdajì yíyípo péré. Ẹ wá nǹkan bo ihò bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn kí òjò tó tún rọ̀. Tí ẹ bá ti kó ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì yẹ ìdí pulọ́ọ̀gì náà wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀.