Omi Wọlé Lọ́jọ́ Tí A Fẹ́ Ṣínu

Ará Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti ń parí lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, a ò kà á sí. Mo ti po ògì, mo gbé e kalẹ̀ kó tutù díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ omi, ihò balùwẹ̀ ni. Ó ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ìgbà téèyàn ń da omi látinú kẹ́ẹ̀gì. Kí n tó débẹ̀, omi pupa ti ń ru sókè, ewé àti ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Mo mú àkísà láti fi dí i.

Ìyá àgbà tí yàrá wọn kángun sí tiwa ló gbà wá là. Ojú wọn ni odò Ògùnpa ṣe ya ní Ìbàdàn ní 1980, wọ́n sì pàdánù ẹbí lọ́dún náà. Ọmọ odó ni wọ́n fi ń lu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: "Ẹ má kó ẹrù o! Ọmọ ni kẹ́ ẹ gbé!" Èmi ṣì yà lọ wá aṣọ ọdún àwọn ọmọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Màmá fà mí lápá, wọ́n ní, "Ṣé aṣọ yẹn lo máa fi sin wọ́n ni?" Mo jù ú sílẹ̀. Ká tó dé orí òkè, omi ti mù mí dé ìbàdí, àbíkẹ́yìn mi wà léjìká mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìkòkò ògì mi tó ń léfòó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ọmọrí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Omi bo dáàmù Ẹlẹ́yẹlé mọ́lẹ̀, afárá Apẹ̀tẹ̀ bá omi lọ, ó sì ju 100 èèyàn lọ tó kú káàkiri Ìbàdàn. Nígbà tá a padà délé, àmì ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri ga ju kàlẹ́ńdà tá a fi kọ́ lọ. Màmá ti di olóògbé báyìí. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn.

Awakọ̀, láti Oǹdó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Òru kan ni tiyín, tiwa kò mọ sí òru kan. Oṣù kẹwàá ọdún 2022, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, Abuja ni mò ń lọ. Lókójà ni mo há sí. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Benue ti pàdé, àwọn méjèèjì ló sì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Títì di odò. Ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò kọjá níbi tí èmi máa ń wa ọkọ̀ gbà, àwọn tírélà sì tò lọ débi tí ojú ò ká a mọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi pọ́n lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, eṣinṣin ti bò ó. Obìnrin kan wá bá mi, ó ní òun fẹ́ ra díẹ̀ fáwọn ọmọ òun. Agbada ìdíndòdò ni nǹkan kan ṣoṣo tó rí gbé jáde nílé. Mo ní kó máa kó o lọ. Ó dá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dín dòdò títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ọmọ tí omi lé wá sí ilé ìwé tí wọ́n sùn sí sì wá ń jẹ. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti kọ orúkọ wọn nígbà mẹ́ta fún ìrẹsì, wọn ò tíì rí kóńgò kan.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Òjò tiwa náà pọ̀ lọ́dún yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Kámẹ́rúùnù tú omi dáàmù Lagdo sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, láti ọdún 1982 ni dáàmù yẹn sì ti wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa lomi rẹ̀ ń ṣàn bọ̀. Dáàmù tó yẹ ká fi gbà á ní Dasin Hausa, ní Adamawa, a ò kọ́ ọ parí. Omi ti ṣe wá bẹ́ẹ̀ ní 2012, ó tún padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá: ó ju 600 èèyàn lọ tó kú, ó sì ju 1,400,000 lọ tó sá kúrò nílé. Ọdún mẹ́wàá gbáko!

Ọmọ Ìbàdàn

Òótọ́ ni ìyá àgbà Apẹ̀tẹ̀ yẹn sọ, pé ká má kó ẹrù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Ògùnpa ya, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Àìkú. Òkú tí wọ́n rí kó ju 200 lọ. Bàbá mi ò sùn mọ́ bí òjò bá ń rọ̀ lóru. Wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ wo odò, wọ́n á padà wá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lẹ́sẹ̀.

Mo gba etí odò kan kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé tuntun ti wà níbi tí omi gbé ilé lọ ní 2011. Wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀, wọ́n sì ti sá aṣọ ọmọdé sójú fèrèsé.