Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni ká gbájú mọ́ nínú To Kill a Mockingbird?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa fẹ́ ka To Kill a Mockingbird, ìwé tí Harper Lee kọ jáde ní 1960. Èmi ni wọ́n ní kí n darí ọ̀rọ̀. Atticus, lọ́yà inú ìwé náà, ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Ṣé òun náà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Àkànní: Tom Robinson ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mà. Adúláwọ̀ ni, ní Alabama, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn pé ó fipá bá ọmọbìnrin òyìnbó kan, Mayella Ewell, lò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìgbẹ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú Mayella ló wú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ló lù ú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ kóró lára òwú ti ba apá òsì Tom jẹ́ láti kékeré. Nígbà tó fẹ́ fi ọwọ́ náà lé Bíbélì láti búra, ńṣe ló ń yọ̀ bọ́. Ṣáájú ìyẹn, Atticus, tó ń gbèjà Tom, ti ní kí bàbá Mayella kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́! Gbogbo kóòtù ló rí i, síbẹ̀ wọ́n ní Tom jẹ̀bi.

Tíṣà Àgbà: Àkànní, o ṣeun. Ìyá Ìbejì, ẹ má fo ibi tí wọ́n ti bi Tom pé kí ló dé tó ń bá Mayella ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àánú rẹ̀ ló ṣe òun. Kí adúláwọ̀ máa káàánú òyìnbó? Àwọn òyìnbó tó jókòó nísàlẹ̀ kóòtù ò lè gba ìyẹn mọ́ra rárá. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù nínú ìwé náà. Ẹ ní kí ẹnì kan kà á sókè.

Adéọlá Peckham: Ẹ má gbé Atticus tì pátápátá o. Ó mọ̀ pé òun ò lè borí, ó ṣì jà. Àmọ́ ojú Scout, ọmọ rẹ̀ kékeré, la fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àwọn aláwọ̀ dúdú ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àyè sọ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bu ìwé náà lórí ìyẹn, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ibi tí Calpurnia, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, ti mú àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Zeebo, ọmọ rẹ̀, ń ka orin, ìjọ ń gbè é. Pásítọ̀ Sykes ti ilẹ̀kùn pa: ẹnikẹ́ni ò ní jáde àfi tí dọ́là mẹ́wàá bá pé fún Helen, ìyàwó Tom, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà síṣẹ́ mọ́. Tálákà ni gbogbo wọn, owó náà sì pé.

Bàbá Àlàbí: Ẹ sọ ti Scottsboro fún wọn kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ní 1931, ní Alabama kan náà, wọ́n fi irú ẹ̀sùn yìí kan ọmọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́sàn-án. Òyìnbó ọkùnrin nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ wọn. Wọ́n dájọ́ ikú fún mẹ́jọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Scottsboro la ó fi ṣíde nígbà náà, ká tó kan Tom, ká wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Boo Radley, aládùúgbò Scout tí kì í jáde nílé, ńkọ́?

Àkànní: Ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ di ìpàdé kejì, mà. Ọ̀rọ̀ Boo gùn.