Ẹ jẹ́ ká yọ "ìkúnlẹ̀" kúrò nínú ìwé síkì telemark

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí rẹ̀: ìwé ìlànà kékeré kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ síkì telemark ni wọ́n ń túmọ̀ ní Ìbàdàn níbí (síkì ni ohun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi sáré lórí òjò dídì, telemark sì jẹ́ oríṣi eré náà kan), àbá mẹ́ta ló sì ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ́kọ́lá ní kí á pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yà nínú eré náà ní "ìkúnlẹ̀". Àǹtí wa ní Bódìjà ní kí irú síkì náà máa jẹ́ "síkì gìgísẹ̀ òmìnira". Àbúrò wa ní Ọ̀jọ́ọ̀ fẹ́ kí síkì fúnra rẹ̀ di "pákó ìyọ̀". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n ló lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́ léṣe, òun ni n ó sì pẹ́ lé lórí.

Ti pákó ìyọ̀ kò gba àkókò. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, pákó tí wọ́n ń pàtẹ iyọ̀ lé ni ará Ọjà'ba yóò kà á sí. Bí àmì bá tilẹ̀ pé, ẹsẹ̀ tó yọ̀ ni ẹsẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò darí mọ́. "Síkì" ti wọlé, kò sì le lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ ni ká gbé yẹ̀ wò dáadáa. Nínú síkì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè, wọ́n de iwájú bàtà mọ́ síkì, wọ́n sì de ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Ní telemark, iwájú nìkan ni wọ́n dè. Gìgísẹ̀ lè gbéra nígbàkúùgbà. Àǹtí fẹ́ sọ ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n òmìnira ni Nàìjíríà gbà ní 1960, gìgísẹ̀ kò gba irú ẹ̀. Bí a bá sì sá sọ́dọ̀ "ọ̀fẹ́", ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ni yóò wá sọ́kàn ará Ìwọ̀ Oòrùn, gìgísẹ̀ yóò wá dà bí ohun tí a kò sanwó rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé a kò dè é lọ. Mo dá a lábàá pé kí á pè é ní "síkì àìdegìgísẹ̀", kí ìkejì rẹ̀ sì jẹ́ "síkì adegìgísẹ̀". Irin tó so bàtà mọ́ síkì á wá máa jẹ́ "ìdè", ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òmíràn kiri.

Ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbi ìdè yìí o. Oríṣi àtijọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 75 níwájú, ní abẹ́rẹ́ irin mẹ́ta tó ń wọ ihò mẹ́ta lábẹ́ imú bàtà, imú náà sì yọ síwájú pẹrẹsẹ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Òmíràn ní wáyà tó yí ẹ̀yìn bàtà po. Ẹni tó bá rí wáyà yìí nínú àwòrán yóò kọ pé wọ́n ti de gìgísẹ̀. Rárá o. Wáyà náà ń fa bàtà síwájú kó má bàa bọ́ ni. Gìgísẹ̀ ṣì ń gbéra, sípíríǹgì ló kàn ń fà á padà díẹ̀díẹ̀. Kí ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé ọ̀pọ̀ ìdè telemark àtijọ́ kì í já fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣubú. Ẹsẹ̀ àti síkì á jọ lọ́ pọ̀ ni, orúnkún ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kò ti dà sísàlẹ̀ púpọ̀. Ẹ má pe ibẹ̀ ní "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" o. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó mọ ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń jẹ́. "Ibi tó dà sísàlẹ̀ díẹ̀" ti tó.

Ó wá ku ìkúnlẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rí. Bí ènìyàn bá ń yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń wà níwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ pátá. Ẹsẹ̀ òsì á fà sẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ á gbéra, orúnkún méjèèjì á tẹ̀. Bí ó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì ni yóò bọ́ síwájú. Ẹni tó ń wò láti òkèèrè yóò ní ó fẹ́ kí àgbà. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní ìkúnlẹ̀ níbí? Orúnkún kan ilẹ̀, ẹrù ara wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn kò sì ṣe nǹkan kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àṣìṣe tí olùkọ́ telemark ń lé kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́! Ká tún má gbàgbé pé "ọjọ́ ìkúnlẹ̀" lédè wa, ọjọ́ ìbímọ ni.

Bí orúnkún ẹ̀yìn bá lọ sílẹ̀ débi pé ó ń kan síkì, ẹsẹ̀ ti jìnnà síra jù. Gbogbo ẹrù á bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú, síkì ẹ̀yìn á fúyẹ́, á máa rìn gbéregbère, á fẹ́ gba orí ìkejì kọjá, ènìyàn á sì yí bìrí. Orí yìnyín gan-an ló ti ń hàn jù. (Ẹ jẹ́ kí "òjò dídì" wà fún èyí tó rọ̀, kí "yìnyín" wà fún èyí tó ti le, ìwé náà nílò méjèèjì.) Àlàfo tó wà láàárín gìgísẹ̀ iwájú àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ju gígùn bàtà kan lọ. Orúnkún ẹ̀yìn á wà lábẹ́ ìbàdí, kò ní sún sẹ́yìn jù ú lọ. Ẹrù ara á fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba. Ibi tí àwọn ọmọ ìka ti pàdé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi ń tẹ síkì, kì í ṣe ṣónṣó ìka, síkì náà á sì dẹ̀gbẹ́ síhà ọmọ ìka tó kéré jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè gbé síkì iwájú kúrò nílẹ̀ díẹ̀ láìṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, "àtẹ̀yà" ni mo fi sílẹ̀. Tẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì tí à ń wá: orúnkún tẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń tẹ síkì mọ́lẹ̀. Yà ni ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní oríta. "Yí" máa ń jọ ohun tó ń pòòyì lójú kan. Ẹnìkan á béèrè ìdí tí mi ò fi pè é ní "ìtẹ̀yà". Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbọ́ "ìyà" tó wà nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti lọ kọ́ ìyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí sì lè bí ọmọ. Àwọn tó ń fi síkì fò láti orí òkè gíga máa ń balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, orúnkún á tẹ̀, adájọ́ sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí. Telemark ni wọ́n ń pe ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ kò sí yíyà kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "àtẹ̀balẹ̀".

Telemark gan-an kò ní ìtumọ̀ tí a lè gbé wá. Orúkọ agbègbè kan ní Nọ́wè ni, níbi tí Sondre Norheim ará Morgedal (1825–1897) ti wá. Òun ló fi bó ṣe ń yà ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nínú ìdíje 1868 ní Christiania, ìlú tó ń jẹ́ Oslo báyìí. A kì í túmọ̀ orúkọ ìlú.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ń gba ipò ara wọn, "ìpààrọ̀ ẹsẹ̀" tó o. Ojú kan ni wọ́n ti máa ń kọ́ ọ nílẹ̀ tó tẹ́jú, láìmú ọ̀pá dání: kí ẹsẹ̀ kan máa lọ síwájú bí ìkejì ṣe ń fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ síbi tó dà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí síkì máa lọ tààrà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìpààrọ̀ kan tó parí. Ẹ kọ "ka ení, èjì, ẹ̀ta" sínú ìwé náà bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò pààrọ̀ ẹsẹ̀ lójijì, kó tó wá rántí pé ó yẹ kóun yà. Ìpààrọ̀ àti yíyà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀, kí wọ́n sì jọ parí. Lẹ́yìn èyí ni kó dábùú òkè, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ níwájú, kó tó máa so àtẹ̀yà kan mọ́ òmíràn. Ọwọ́ méjèèjì á wà níwájú níbi tí ojú ti lè rí wọn. Gìgísẹ̀ tí a kò dè kì í dá ènìyàn dúró: bí síkì bá ṣàdédé wọ òjò dídì tó rọ̀, iwájú ni yóò dojú bolẹ̀ sí.

Ẹwìrì tí ẹnìkan dábàá fún ibi tó kákò lórí imú bàtà kò bá a mu. Atẹ́gùn ni ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fẹ́, ibi yìí kò fẹ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń tẹ̀ bí gìgísẹ̀ bá gbéra: "ojú ìtẹ̀".

Ọ̀pá tí wọ́n ń mú dání, tí a ti ń jà lé lórí láti ìjẹta, ọ̀pá ni.