Irú aṣọ wo ló ń gba pílíìtì dúró?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin aránṣọ wa. Kò sí aṣọ orí kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wọ̀ mí lọ́kàn tó Prada aláwọ̀ ojú ọ̀run tí òṣèré fíìmù Lupita Nyong'o wọ̀ lọ gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2014. Pílíìtì rẹ̀, ìyẹn àwọn ìṣẹ́po tẹ́ẹ́rẹ́ ara aṣọ náà, ń fẹ́ lẹ́lẹ́! Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, l'Ádó-Èkìtì níbí. Mo ra ṣífọ́ọ̀nù yáàdì kan lọ́jà Ọba, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ pílíìtì sí i. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹ̀ ti tú. Kí ni kí n rà? Àyà aṣọ Lupita yẹn tún ṣí sílẹ̀ gan-an, màmá mi ò sì ní gbà láéláé. Ṣé kí n fi léèsì dí i ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù.