Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) wo ni kí n fi sórí kọ̀ǹpútà tí mo ń kó fáìlì pamọ́ sí nílé?

Ayàwòrán Bódìjà:
Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Mo ń ya fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún 11 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tó máa ń dúró sábẹ́ tábìlì, kí n lè kó gbogbo iṣẹ́ mi sójú kan, kí èmi àti ọmọbìnrin tó ń bá mi tún fọ́tò ṣe lè jọ máa ṣí i láti orí kọ̀ǹpútà tiwa. Ẹni tó tò ó fún mi fi Windows 10 sí i, ó gbowó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni n kò ti rí ìsinmi. Mo lè máa kó fáìlì lọ́wọ́ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, kọ̀ǹpútà á ti pa ara rẹ̀, á tún ti tan ara rẹ̀ nítorí àfikún tó fẹ́ gbà wọlé, iṣẹ́ á sì ti dúró lágbedeméjì. Nígbà tí mo pe ẹni náà, ó ní èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò. Ọkọ mi ń bi mí pé kí ni mo fi owó yẹn rà. Àbúrò mi tó wà ní Leeds ní kí n gbé OS tó ń jẹ́ TrueNAS sí i, ọ̀rẹ́ mi kan ní Unraid ló dára jù, ẹlòmíràn tún ní OpenMediaVault, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá mi jà. Dísíìkì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àpótí rẹ̀ dúdú, ó sì ní iná búlúù níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹyọ kan fún mi, torí alẹ́ Sátidé yìí ni mo fẹ́ gbé e sí i.

Bàbá Linux:
Ẹ kú wàhálà o, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ ẹyọ kan fún yín láì kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́rin: GB mélòó ni RAM rẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), báwo ni dísíìkì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ṣé inú àpótí ni wọ́n so wọ́n mọ́ tàbí ojú USB ni wọ́n ń gbà wọlé, kí ló sì wà nínú wọn lọ́wọ́ báyìí. TrueNAS ń béèrè RAM 8GB ó kéré tán, dísíìkì tó bá sì gba ojú USB wọlé kì í bá a lára mu. OpenMediaVault, tó dúró lórí Debian (irú OS Linux kan), lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré jìnnà sí ìyẹn.

Ará Abẹ́òkúta:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọkàn yín rú, TrueNAS ni kí ẹ gbé sí i. FreeNAS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, orí ZFS, ìlànà ìkófáìlì-pamọ́ tí Sun Microsystems gbé jáde ní 2005, ló sì dúró lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣí fọ́tò ìsìnkú bàbá àgbà mi. Òkè rẹ̀ mọ́ kedere, ojú àwọn ènìyàn hàn, ṣùgbọ́n láti àyà wọn dé ìsàlẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Dísíìkì náà kò fi ìgbà kankan sọ fún mi pé nǹkan bà jẹ́, mo sì ti fi ẹ̀dà tó bà jẹ́ yẹn rọ́pò èyí tó dára láìmọ̀. ZFS máa ń kọ nọ́ńbà ìyẹ̀wò sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀. Tí ẹ bá so dísíìkì méjì pọ̀ kí wọ́n máa kọ ohun kan náà, tí ọ̀kan bá ṣìnà, á mú èyí tó pé lára ìkejì, á fi tún un ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ará Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹni tó ń ra dísíìkì díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe wọlé, Unraid ló bá a mu, nítorí ó gba dísíìkì tí ìtóbi wọn kò dọ́gba, bí èyí tí wọ́n ń pè ní parity (dísíìkì tó ń tọ́jú ìṣirò tí wọ́n fi ń tún èyí tó bá kú kọ) kò bá ṣáà ti kéré sí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù. Dísíìkì kọ̀ọ̀kan ló ń dá fáìlì tirẹ̀ mú, nítorí náà, bí méjì tilẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó wà nínú ìkẹta ṣì wà níbẹ̀.

Ará Abẹ́òkúta:
Ẹ sọ iye owó rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Ní 2024, dọ́là 49 ni láísẹ́ńsì rẹ̀ tó kéré jù, ọdún kan péré ni àfikún tó bá a wá, orí fláàṣì USB kan ni wọ́n sì so ó mọ́ nígbà náà. Bákan náà, parity kan ṣoṣo lè rí i pé nǹkan kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí dísíìkì tó ń purọ́.

Ìyá Oníkáfé, Òṣogbo:
Ọmọ mi, gbogbo ìjà tí àwọn wọ̀nyí ń jà, ọ̀rọ̀ iná ni wọn kò sọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti pàdánù dísíìkì méjì nítorí pé iná lọ lójijì, ó dé lójijì, ó tún lọ. Kí o tó ronú OS, ra UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ) tó ní ojú USB, kí o so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà. TrueNAS ní ètò fún un, OpenMediaVault náà ní in. Bí iná bá lọ, tí bátìrì sì fẹ́ tán, kọ̀ǹpútà á rọra pa ara rẹ̀ kí ohunkóhun tó bà jẹ́. Kí ló dé tí o fi fẹ́ kánjú ṣe é ní Sátidé?

Ayàwòrán Bódìjà:
Ẹ ṣé, mà. Mo ti ra UPS tipẹ́, n kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Dísíìkì méjì jẹ́ 4TB, ìkẹta jẹ́ 3TB, inú àpótí ni gbogbo wọn wà, Windows wà lórí SSD (dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) kékeré kan lọ́tọ̀. N kò fẹ́ ohun tí mo máa fi dọ́là sanwó fún. Ìdí tí mo fi yan Sátidé ni pé n kò lóde ìyàwòrán lọ́jọ́ náà.

Bàbá Linux:
Ẹ dáhùn mẹ́ta, ó ku ọ̀kan, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí ló wà nínú dísíìkì mẹ́ta náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ tún rántí pé láti 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ́nàkọnà.

Ayàwòrán Bódìjà:
Iṣẹ́ mi ló wà nínú wọn, ibo ni kó tún wà? Ìkan nínú àwọn 4TB ṣófo, èkejì ní bíi 700GB, èyí tó jẹ́ 3TB ló ní 1.9TB, láti 2017 títí di 2023. Àwọn dísíìkì kékeré tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, mo ti nù wọ́n mọ́, mo sì ti tà wọ́n, torí mo rò pé ohun tí mo ra kọ̀ǹpútà yìí fún nìyẹn. Èyí tó jẹ́ 3TB yẹn máa ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ tí mo bá tàn án láàárọ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Àbúrò mi ní TrueNAS á dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sórí fláàṣì.

Bàbá Linux:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fláàṣì yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ka gbólóhùn tó kàn. TrueNAS á nu SSD tí ẹ bá gbé e sí pátápátá. Tí ẹ bá sì tò dísíìkì sínú ZFS, gbogbo ohun tó wà nínú wọn á parẹ́. Unraid náà á ní kí ẹ fọ́máàtì wọn. Kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ OS mọ́. Gbogbo iṣẹ́ ọdún méje yín wà nínú dísíìkì kan tó ń kú lọ, kò sì ní ẹ̀dà kejì níbikíbi.

Ìyá Oníkáfé, Òṣogbo:
Háà, ọmọ mi! Ìyẹn lo fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí o ń sọ fún wa nípa iná búlúù? Lọ pa kọ̀ǹpútà náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ fi chkdsk, ètò tí Windows fi ń yẹ dísíìkì wò, yẹ̀ ẹ́ wò ná, ó lè tún un ṣe.

Bàbá Linux:
Rárá o, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí chkdsk bá fẹ́ ṣe àtúnṣe, ó máa ń kọ nǹkan sórí dísíìkì, dísíìkì tó sì ti ń rọ kò lágbára àtúnṣe. Ẹ lo CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ìlera dísíìkì hàn, kíkà nìkan ló máa ń kà, kí ẹ sì wo ìlà C5: tí kò bá jẹ́ òdo, àwọn ibì kan wà tí kò lè kà mọ́. Ẹ ra dísíìkì ìta 8TB. Kí ẹ fi Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ètò GNU ddrescue da dísíìkì 3TB náà kọ ní odidi sórí 8TB náà. Ibi tó rọrùn ló máa kọ́kọ́ kó, kó tó padà wá sí ibi tó bà jẹ́. Bí ohùn kẹ́kẹ́ yẹn bá di èyí tí kò dákẹ́ mọ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣí dísíìkì ní yàrá tí kò ní eruku.

Ayàwòrán Bódìjà:
Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. C5 jẹ́ 112. Ddrescue gba wákàtí 31, èmi àti ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń ṣọ́ ọ ní òru méjì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbàkúgbà tí iye rẹ̀ bá dúró lójú kan. Fọ́tò 38 kò ṣí, inú ìgbéyàwó kan ṣoṣo ní 2019 ni gbogbo wọn wà, mo sì ti pe ìyàwó náà láti sọ òtítọ́ fún un. Ó ní òun ṣì ní àwọn tí mo tẹ̀ fún òun. Mo ti yọ dísíìkì 3TB náà. N óò gbé TrueNAS sórí SSD, n óò so àwọn 4TB méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa kọ ohun kan náà, torí gbogbo iṣẹ́ mi kò ju 2.6TB lọ. Dísíìkì 8TB náà á máa wà nílé ìyá mi ní Òkè-Àdó, n óò sì máa gbé e wá lóṣooṣù. Àbúrò mi ti bẹ̀ mí.

Ará Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣí ètò ìyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní scrub lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e sí i, kí ẹ sì tẹ ímeèlì yín sí i, kó lè máa kọ̀wé sí yín bí dísíìkì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.