Ọwọ́ mi ń kú lórí kẹ̀kẹ́, ibo ni kí n gbé stem tó ní oríkèé yìí sí?

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti bí oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni lálọ. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 20 báyìí, ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tó bá yá wọ́n á kú pátápátá, mi ò ní mọ̀ bóyá mo di bíréèkì mú àbí mi ò dì í mú, ẹ̀rù sì ń bà mí torí ojú títì ni mo wà. Ọrùn mi náà á wá le gbagidi. Háńdù yẹn jìnnà sí mi, ó tún wálẹ̀ ju ìjókòó lọ. Ẹnì kan ní kí n ra stem tó ní oríkèé, ìyẹn irin tó so háńdù mọ́ ọrùn kẹ̀kẹ́, èyí téèyàn lè tẹ̀ sókè tẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rà á. Ṣé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ sókè dé òpin ni?

Èsì 1:
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò. Má tíì fọwọ́ kan stem yẹn, ìjókòó ni kó o kọ́kọ́ wò. Fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí ń yẹ̀. Lẹ́yìn náà wo imú ìjókòó, tó bá ti dorí kodò, ńṣe ni wàá máa yọ̀ lọ síwájú, ọwọ́ rẹ ló sì máa gbé gbogbo ara rẹ. Iṣan ìmọ̀lára kan gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ìka méjèèjì tó o dárúkọ yẹn, òun lò ń tẹ̀ mọ́ háńdù.

Èsì 2:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé háńdù ò kàn ní lọ sókè nìkan o, ó tún máa padà sọ́dọ̀ rẹ. Ká ní stem yẹn gùn tó mm 110, tó o bá tẹ̀ ẹ́ láti dígíríì 0 dé 40, lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ háńdù máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ga sí i, á tún fi ohun tó lé ní 4 sún mọ́ ẹ. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà kó o gbé e dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Dígíríì 10, gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, kó o tó tún kún un, má sì yí ìjókòó padà lásìkò kan náà torí o ò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ bíréèkì máa kọjú sókè, tú háńdù díẹ̀ kó o yí i padà sípò. Wá yí háńdù dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kó o rí i pé wáyà ò fà.

Èsì 3:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé nọ́ọ̀tì! Tèmi tú níbi oríkèé lójijì, háńdù rì wálẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, Ọlọ́run ló yọ mí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára stem ni kẹ́ ẹ fi dì í, ọ̀pọ̀ ìgbà Nm 5 ló máa ń wà lára àwọn kékeré (Nm ni wọ́n fi ń wọn bí wọ́n ṣe ń dì í le tó). Ti orí lẹ kọ́kọ́ máa fún títí fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, ò fi ní mì mọ́, ẹ tó wá di ti ẹ̀gbẹ́.

Èsì 4:
Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, ó wúwo, ó sì máa ń dún kíkẹ́kíkẹ́. Mo fi wá ibi tó bá mi lára mu ni, mo wá ra èyí tí ò ní oríkèé tó bá ibẹ̀ mu.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Imú ìjókòó mi ti dorí kodò lóòótọ́, mo tẹ́ ẹ, ìdajì ìnira lọ lọ́jọ́ yẹn. Stem wá tẹ̀ lé e, 10 dáa, 20 dáa jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé 35 mo jókòó ṣánṣán bíi pé orí àga ni mo wà, ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, òkè sì ṣòro gùn. Mo padà sí 20. Lánàá mo dé ibi iṣẹ́, ìka mi ò kú rárá! Ọ̀la ni mo fẹ́ tú u kí n ra ti gidi.

Èsì 4:
Inú mi dùn o. Kó o tó tú u, wọn láti imú ìjókòó dé àárín háńdù, kó o tún wọn láti ilẹ̀ dé orí háńdù, kọ méjèèjì sílẹ̀. Mi ò wọn tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra stem.